Imú Babalọlá Gréédà

Ìbínú ni Babalọlá gbé jí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kì í sì í ṣe ìbínú tuntun. Ó ti ń gbé e kiri láti bí oṣù mẹ́ta, kò kàn tíì rí ẹni tó máa sọ̀ ọ́ lé lórí ni. Ẹ̀wà ló dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bọ́sẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ló gbé ẹ̀wà kaná nínú ilé wọn ní Durumi l'Abuja, ó ní kí ọkọ òun bá òun fojú sí i, ó bọ́ sí balùwẹ̀. Babalọlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó kẹ̀yìn sí iná, ó ń ka ìwé kékeré kan tí kì í jìnnà sí i. Inú balùwẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ti gbọ́ òórùn ẹ̀wà tó ń jó. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lára, ó pa iná, ó ṣí ìkòkò. Èédú ló kù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lórí àga, kò sì ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí ìdí iná.

"Dádì Hadassah, ẹ̀wà jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò sì mira."

"Ta ló ní kó o jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ tó báyẹn?"

Bọ́sẹ̀ wò ó títí, ó gbé ìkòkò náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò fèsì. Àìfèsì yẹn ló wá dùn ún jù. Ká ní ó bá a jà ni, ì bá rí ẹni bá pariwo. Ó kó agbádá funfun rẹ̀ wọ̀, ó gbé ìwé rẹ̀, ó jáde láìjẹun.

Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tó ń bínú yìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹ̀gbẹ́ ahéré tí bàbá rẹ̀ ti ń fi iná yan ewé tábà ló dàgbà sí. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti di gréédà ní ibùdó tí wọ́n ti ń ra ewé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n á to ewé wọn kalẹ̀, Babalọlá á fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan, á gbé e sí imú, á pe ipò rẹ̀: àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, tàbí kó ní kí wọ́n dì í padà lọ sílé. Àwọn tó lè bí i lọ́mọ á dúró síwájú rẹ̀, imú rẹ̀ ni wọ́n á máa wò. Nígbà tó yá, ó kàwé, ó wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó ti fáìlì l'Abuja. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́nì kan tó bi í léèrè ohun tí imú rẹ̀ mọ̀. Wọ́n fún un ní aago ògiri lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sì dé ilé, ó rí i pé òun kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ayọ̀túndé ló gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹnjiníà ni, abẹ́ Babalọlá ló ti kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ó sì ti kọ́lé sí Jahi. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀yìn tì, ó pè é wá sílé, ó fún un ní sìgá ewé kan. Kì í ṣe sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ onípépà tí àwọn awakọ̀ ń mu ní gáréèjì o. Ewé tábà gidi ni, tí wọ́n fọwọ́ ká láìsí pépà, tó nípọn tó àtàǹpàkò, tó sì lè gba wákàtí kan gbáko kó tó tán. Babalọlá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní oríṣi ewé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó ní èyí tó wà lóde ni wọ́n jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ooru. Ayọ̀túndé yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Gréédà, orúkọ tí Babalọlá kò gbọ́ láti ìgbà èwe.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé Ayọ̀túndé, àwọn méjèèjì àti Anwar, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Utako, tó kéré jù nínú wọn. Wọn kì í tà á, wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Babalọlá á kọ́kọ́ gbóòórùn ewé náà ní tútù, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó rọ̀ níbì kan, á fi abẹ gé orí rẹ̀, á fà á láìtíì tanná sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò fi iná yá ìdí rẹ̀ lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èéfín náà, ẹnu lásán ló wà fún, wọn kì í gbé e mì. Bí wọ́n bá ń tọ́ ọ wò, wọ́n máa ń pín sìgá kan sí ìdá mẹ́ta, nítorí ìdá kìíní lè rọ̀ kí ìdá ìkẹyìn le bí ata. Babalọlá á wá sọ ohun tó gbọ́: kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ẹ̀pà yíyan, awọ bàtà tuntun. Á pe máàkì rẹ̀ nínú mẹ́wàá, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn.

Òun ni àgbà, òun ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, Ayọ̀túndé á mi orí, Anwar á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá," wọ́n á sì kọ máàkì kan náà síwájú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí láburú nínú ìyẹn, nítorí pé òótọ́ ló máa ń sọ.

Nínú oṣù Kẹjọ ni ibà àti ọ̀fìnkìn dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dìde, ó wẹ̀, kò gbọ́ òórùn ọṣẹ. Ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu, iyọ̀ àti títa ata nìkan ló mọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní yóò padà bọ̀ sípò.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn àìsàn náà, ó fa sìgá, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló wọ ẹnu rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó, wọ́n ń retí. Ó wo àwọ̀ ewé náà, ó fojú díwọ̀n, ó ní, "Ó rọ̀. Kòkó díẹ̀, ẹ̀pà díẹ̀." Ayọ̀túndé mi orí. Anwar ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú Babalọlá sì dùn débi pé omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí imú òun bá ti kú lóòótọ́, ṣé àwọn wọ̀nyí kò ní sọ pé irọ́ ni? Bí wọ́n bá ti gbà pẹ̀lú òun, á jẹ́ pé imú náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń ṣe é láìjẹ́ kí òun mọ̀ ni.

Èrò yẹn ló fi gbé ara rẹ̀ ró fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ pé sìgá rọ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí imú òun kò bá sì ní àbùkù, àwọn tó ń tà á ló ní àbùkù. Ó wá ń bínú sí gbogbo oníṣòwò: ayé ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ń ta ewé gidi mọ́, oníjìbìtì àti olè ni gbogbo wọn.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀wà yẹn, Anwar mú sìgá dúdú ńlá mẹ́ta wá láti ọ̀dọ̀ Misturah, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta tùràrí, lọ́fínńdà àti sìgá ewé ní Utako. Misturah ti sọ fún un pé òun kò tíì ta èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Babalọlá tan ọ̀kan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fà á, ó tún fà á, ẹnu rẹ̀ ṣófo.

"Òdo," ló wí. "Ewé òkú. Ẹ kọ òdo."

Ayọ̀túndé mú bíírò, ó dúró díẹ̀, ó kọ òdo. Anwar náà kọ ọ́. Ìwé òdo mẹ́ta yìí ni Babalọlá ń kà nígbà tí ẹ̀wà ń jó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi dé Jahi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí kò jókòó, tó ní kí Ayọ̀túndé gbé ọkọ̀ jáde. Ó ní Utako làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ó ní òun fẹ́ rí obìnrin tó ń ta òkú fún aráyé.

Ṣọ́ọ̀bù Misturah kò tóbi. Ìgò lọ́fínńdà ló to sí ara ògiri, kúlà oníke kan sì wà lábẹ́ káńtà, tó fi kànìnkànìn tútù sí kí àwọn sìgá rẹ̀ má bàa gbẹ. Oníbàárà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí Misturah ṣe rí agbádá funfun, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Sànnu, Bàbá. Ẹ káàbọ̀ o."

Babalọlá kò dáhùn ìkíni. Ó ju sìgá dúdú kan tó ṣẹ́ kù sórí káńtà. "Ewé òkú lò ń tà. Gbogbo ẹni tó wà níbí, ẹ gbọ́ o. Mo ti ń yẹ tábà wò kí wọ́n tó bí obìnrin yìí. Ó ń rẹ́ yín jẹ ni."

Misturah dìde. Ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tan òmíràn níta, kí gbogbo wa jọ wà níbẹ̀."

Ó gbé àga sí abẹ́ ìbòòji iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú sìgá kan látinú páálí kan náà, ó gé e, ó tan án fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Anwar àti Ayọ̀túndé fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá a padà fún àgbà. Babalọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ẹni tó bá mọ sìgá líle, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń fà á, nítorí agbára rẹ̀ ń wọ ara. Òun tó ń kọ́ wọn ní èyí ló wá ń fà á bí ẹni ń mu ọsàn, tó ń wá adùn kiri ẹnu. Kò sì jẹun. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó níwájú orí, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì.

"Kò ní agbára kankan," ló wí.

"Bàbá, ẹ ń làágùn."

"Oòrùn ni."

Abẹ́ ìbòòji ni wọ́n wà, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Misturah yíjú sí àwọn méjèèjì. "Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ ti tọ́ ọ wò. Ṣé òótọ́ ni ohun tí Bàbá sọ?"

Ayọ̀túndé ń wo bàtà rẹ̀. "Bàbá ló mọ̀ ọ́n jù."

"Ohun tí Bàbá bá ti sọ náà ni," Anwar fi kún un.

Oníbàárà kan gbé ìgò tó mú lọ́wọ́ padà sórí káńtà, ó bá tirẹ̀ lọ. Misturah ń wò ó títí ó fi kọjá. Babalọlá rí i pé òun ti borí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn tó kù. Ó sọ ti Ìsẹ́yìn, ó sọ ti ahéré, ó sọ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń bẹ òun. Bó ṣe ń juwọ́, iná orí sìgá já bọ́ sínú ìṣẹ́po agbádá rẹ̀ tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò rí i. Aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ahọ́n iná, ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i ní jẹ́jẹ́, òórùn òwú tó ń jó sì gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọkùnrin Hausa kan fọwọ́ bo imú, ó ní, "Kai." Ayọ̀túndé la ẹnu, ó tún pa á dé. Anwar na ọwọ́ sókè díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ..."

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

Anwar sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Imú yìí," Babalọlá sì fọwọ́ kàn án, "kò parọ́ fún mi rí. Bí nǹkan bá ti ní òórùn, bó ti wù kó kéré tó, imú yìí á..."

Misturah gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ nílẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ lé e lórí tagbádá-tagbádá.

Babalọlá wo ara rẹ̀. Ihò tó wà lára agbádá náà tó àwo ìjẹun, etí rẹ̀ dúdú, omi ń kán níbẹ̀.

"Aṣọ ń jó lára yín, Bàbá," ni Misturah wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n fún ìbínú. "Gbogbo wa la gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́. Imú yẹn lẹ gbé wá síbí láti wá pe ọjà mi ní òkú."

Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ wá ni Babalọlá kọjú sí.

"Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"A gbọ́, Bàbá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Bàbá," ni Anwar wí.

Babalọlá mí sókè, mí sílẹ̀. "Sìgá yìí ńkọ́?"

Ayọ̀túndé ló dáhùn. "Ó dára, Bàbá. Ó le, ó sì kún ẹnu. A ò tíì mu irú rẹ̀ rí."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan?"

"Láti oṣù Kẹsàn-án. A rò pé yóò yá. Báwo la ṣe fẹ́ la ẹnu sọ irú ẹ̀ fún yín?"

Ìbínú tó gùn ún nígbà náà, kò ní irú rẹ̀ rí láyé. Ó bú wọn, ó pè wọ́n ní òpùrọ́. Ó ní àwọn lòun ń tẹ̀ lé bí afọ́jú ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀pá, wọ́n sì jẹ́ kí òun rìn wọ inú kòtò nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun. Ó ní ọ̀wọ̀ wo ló ń wo àgbà níran nígbà tó bá ń jóná? Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku Utako, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i. Ó yí padà láti máa lọ.

"Bàbá," Misturah pè é. "Níwájú àwọn èèyàn lẹ ti bà á jẹ́. Níwájú àwọn èèyàn ni kí ẹ ti wá tún un ṣe. Ẹ má ṣe é lórí fóònù."

Takisí ló wọ̀ délé. Bọ́sẹ̀ rí ihò agbádá, kò bi í léèrè. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í.

"Ìwọ náà mọ̀," ni Babalọlá wí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọlé bá gáàsì tó ń jò, tí ẹ jókòó tì í," Bọ́sẹ̀ wí. "Mo kàn ń pa á ni. Mo ní bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n mọ̀, ẹ máa sọ fún mi."

Odidi ọ̀sẹ̀ ni Babalọlá kò fi gbé ìpè ẹnikẹ́ni. Inú ń bí i sí Ayọ̀túndé, sí Anwar, sí Bọ́sẹ̀, sí obìnrin oníkẹ́tùlù. Àmọ́ ní ọjọ́ Fúráìdé, bó ṣe ń yí ìwé kékeré náà lọ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó rí i pé òun fúnra òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ọṣẹ. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó parọ́ fún Gréédà. Èyí ló bí i nínú jù lọ.

Sátidé kejì, ó pe àwọn méjèèjì pé kí wọ́n bá òun ní Utako. Kò wọ agbádá. Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Misturah, ó dúró títí èèyàn fi tó mẹ́fà níbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń báni jà.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní obìnrin yìí ń ta ewé òkú. Ewé rẹ̀ kò kú. Imú mi ló kú, ó ti kú láti oṣù Kẹjọ, mo sì mọ̀."

Misturah kò rẹ́rìn-ín, kò sọ pé ó ti tán. Ó kàn tan sìgá dúdú kan, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Babalọlá gbé e fún Anwar.

"Ìwọ lo kéré jù. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin ni..."

"Mo ní kó o sọ̀rọ̀."

Anwar fà á. "Ataare ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, kòkó tó korò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dà bí igi tí wọ́n fi yan ẹja."

"Kì í ṣe kòkó," Ayọ̀túndé wí nígbà tó kàn án. "Kọfí ni."

"Kòkó ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀, wọn kò jiyàn rí. Babalọlá ń wo ẹnu wọn bí ẹni ebi ń pa, ó ń jowú wọn, inú sì ń bí i pé òun kò lè dá sí i. Anwar pe mẹ́jọ, Ayọ̀túndé pe mẹ́sàn-án. Ó ṣí ìwé náà síbi òdo mẹ́ta, ó fa ìlà sórí méjì, ó kọ mẹ́jọ, ó kọ mẹ́sàn-án. Ó ku ti orúkọ tirẹ̀.

"Kí ni màá kọ síbí?" ló bi Misturah.

"Ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ kọ, Bàbá."

Ó gba sìgá náà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe yẹ kí wọ́n fà á, ó dá èéfín náà dúró sẹ́nu, ó dijú, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò sẹ́ni tó mi orí, kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó tú èéfín náà sílẹ̀, ó fa ìlà sórí òdo tó kẹ́yìn, ó sì kọ síwájú orúkọ rẹ̀ pé: "N kò gbọ́ nǹkan kan."